Ohùn Mìsítúrà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Láolú

Ẹsẹ̀ Láolú ni Mìsítúrà kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, ní London, ni. Ọmọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ nìkan tẹ irin gbọọrọ kan tí wọ́n to pẹ́dà sí nílẹ̀. Tó bá tẹ ibí, fèrè á dún. Tó bá tẹ ọ̀hún, ìlù á wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Mìsítúrà bi í pé kí ni nǹkan náà.

"MIDI pedal ni. Kò ní ohùn tiẹ̀ o. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, computer ló ń dún." Ó wò ó lójú. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o máa ń kọrin?"

Ó ń kọrin. Kò pẹ́ tó fi ń kọ ọ́ ní yàrá Láolú ní Aylesbury Estate, tí Láolú ń gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀mpútà, ègbè lórí ègbè, títí pẹ́dà tó kángun sápá ọ̀tún fi di tirẹ̀. Láolú lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ "Olólùfẹ́" sí i. Inú Mìsítúrà dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Ìfẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn béèrè ìdí tó fi jẹ́ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi òun sí.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Ṣàmsúdéènì, gbọ́ pé ọmọ òun ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Láolú, lójú Old Kent Road. Alhaji ní kó yan ọ̀kan nínú òun àti Láolú. Ó yan Láolú, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, Alhaji kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí Láolú wá mú un lọ sílé, ẹ̀rín ni ìyá Láolú fi kí i. "Ohùn ẹ dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti wà lọ́wọ́ wa. Rosaline ọmọ pásítọ̀ la fẹ́ kó bímọ fún wa."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láolú dákẹ́, ti Mìsítúrà ló bá a dákẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀: "Babe, o mọ Mummy now."

Nígbà tí ìgbéyàwó Láolú àti Rosaline ku ọ̀la, Láolú pè é lórí fóònù. Boaz ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò sì mọ bí wọ́n ṣe to pẹ́dà. Rosaline fẹ́ fi ègbè Mìsítúrà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kò ní bínú, kó wá fi ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wọlé han Boaz?

Ẹni tójú ń tì kì bá tí lọ. Ó lọ, nítorí ó rò pé tí Láolú bá gbọ́ ohùn náà lójú òun, ọkàn rẹ̀ á yí padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Láolú fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà náà. Ohùn Mìsítúrà kún gbogbo ilé.

"Boaz, turn it down," ni Láolú wí. "Kó má bo ohùn pásítọ̀."

Mìsítúrà ní òun fẹ́ yẹ kọ̀mpútà wò. Ó pa ohùn rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀ pátápátá, kò ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kejì, Rosaline dé ẹnu ọ̀nà. Boaz tẹ pẹ́dà, kò dún. Ó tún un tẹ̀. Kò tún dún. Láolú yíjú sẹ́yìn, ó wá Mìsítúrà rí lórí ìjókòó ìkẹyìn, ó ń fi ètè sọ fún un pé jọ̀ọ́, kọrin. Ohun tí Mìsítúrà ti ń wá nìyẹn, kí Láolú nílò òun. Ó pa ẹnu dé, ọkàn rẹ̀ sì dùn.

Kò dùn pẹ́. Ìyá Láolú fi ohùn híhá dá orin, gbogbo ìjọ gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Rosaline rẹ́rìn-ín, ó jó wọlé. Láolú kọjú sí ìyàwó rẹ̀, kò wẹ̀yìn mọ́.

Mìsítúrà jáde lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì. Ó pe bàbá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Alhaji gbé e.

"Bàbá, ẹ káàsán. Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò dá ohùn yìí mọ̀," ni Alhaji wí, ó sì pa fóònù.