Ẹ̀wù Ìrìbọmi Gbénró

"Àárín omi ni ìyá mi bí mi sí. Ọ̀nì ló gbẹ̀bí fún wọn. Òun náà ló fi eyín gé ìwọ́ mi, ó sì rọra gé e, ẹ̀jẹ̀ kan ò ta sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Damaris gbọ́ lẹ́nu Gbénró nìyẹn, ní Mile 12, lọ́jọ́ tí ìdí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ já, tí tòmátì ń yí lọ bí ẹni pé ìlú wọn ni wọ́n ń padà sí. Gbénró ló ń tún apẹ̀rẹ̀ ṣe létí ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ ń hun, ẹnu rẹ̀ ń rojọ́.

"Ṣé ìwọ nìkan ni ọ̀nì gbẹ̀bí fún?" Damaris bi í.

"Àwa pọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ṣì ń lọ kí i. Aunty, tí omi bá gba gbogbo Ajégúnlẹ̀ wa, orí ẹ̀ ni mo ń sùn. Ìgbì ni mo fi ń bora."

Damaris rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Nígbà tó délé ní Alápẹ̀rẹ̀, tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, aṣọ tó tẹ́ síwájú di odò lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń ti òdìkejì bọ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ìgbì bora. Ìfẹ́ ti wọlé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni Damaris, ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ìkòsí, níbi tí ìfẹ́ kò ti gbọdọ̀ mí àfi tí Pásítọ̀ Olúdayọ̀ bá ní kó mí.

Pásítọ̀ yìí ló ń yan àwọ̀ gèlè fún àwọn obìnrin. Òun ló ń sọ ẹni tó lè pe ta lórí fóònù. Àwọn Onítẹ̀bọmi a máa ṣe ìpàdé ìjọ, tolówó tálákà á na ọwọ́ dìbò sí ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjì tí Pásítọ̀ ti ti ìyẹn pa. Tó bá wúkọ́ ní Ìkòsí, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní Kétu á pa ẹnu dé.

"Ẹni tí kò bá ṣe ìrìbọmi kò lè gbé ìyàwó níbí," ó sọ fún Gbénró nígbà tó wá tọrọ Damaris.

Gbénró wọ kíláàsì ìrìbọmi. Damaris rán ẹ̀wù funfun fún un, ó sì rán òkúta wẹẹrẹ mọ́ ìṣẹ́tí rẹ̀, kí omi má baà gbé e sókè. Ọdún kan kọjá. "Ẹ̀mí ò tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ," Pásítọ̀ wí. Ọdún kejì kọjá. "Ṣì dúró." Lọ́dún kẹta, ó pe ìyá Damaris sí ọ́fíìsì.

Nígbà tí Ìyá délé, wọ́n pe Damaris sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Pásítọ̀ ní àwọn ríran. Ọmọ àbúrò wọn tó wà ní Kánádà ni ọkọ ẹ."

"Màámi, Gbénró ni mo fẹ́."

"Ọmọ mi, èèyàn kì í bá Ọlọ́run du ọkọ."

"Ṣé Pásítọ̀ ni Ọlọ́run ni?"

Ìyá wo ilẹ̀. "Wọ́n ní tí mo bá ta kò wọ́n, ìjọ ò ní sin mí lọ́jọ́ tí mo bá kú."

Damaris sunkún tó lè kún kànga mẹ́ta. Ó lọ bá Gbénró láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, òórùn raffia tútù tó fi ń hun apẹ̀rẹ̀ àti ata rodo yí wọn ká bí àlá.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, adùn ayé mi, ṣe sùúrù," Gbénró wí. "Ọ̀nì kì í kánjú. Tí Pásítọ̀ bá ní kí n dúró ní ogún ọdún, n ò ní bínú."

Damaris gbé orí lé èjìká rẹ̀. Irú sùúrù wo rèé? Ó rò pé kò sí ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin tó báyìí rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìkéde, Bàbá Adéṣẹ́gun dìde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Àwọn ni díákónì tó dàgbà jù. Àwọn èèyàn ní Bàbá ti ń ṣe díákónì kí Nóà tó kan ọkọ̀.

"Ìwé òfin ìjọ wa ni mo mú dání yìí," wọ́n ní. "Ìjọ ló ń gba èèyàn sí ìrìbọmi, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Mo dá a lábàá pé kí Gbénró ṣe ìrìbọmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló kín in lẹ́yìn? Kí onítọ̀hún dìde kí n rí ojú ẹ̀."

Èèrà tó ń rìn lórí dùùrù, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn. Ìyá Damaris ni.

"Mo kín in lẹ́yìn. Ẹ má bínú, Daddy. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ fi mí sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi á sin mí."

Ọwọ́ kan lọ sókè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí a tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti kún ṣọ́ọ̀ṣì bí oko àgbàdo. Pásítọ̀ wo ọwọ́ gbogbo wọn, ó wo tirẹ̀, ó jókòó.

Damaris yíjú sí Gbénró. Ojú ọmọkùnrin náà ti funfun bí eérú. Damaris rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, Bàbá Adéṣẹ́gun ló wọ inú kòtò omi ìrìbọmi tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó dùbúlẹ̀ lórí omi, gbogbo ilé ń tàn yòò. Gbénró sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́ wọ omi. Ó ta padà sókè bí igbá! Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún ta padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá fúnra wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rì.

Ìgbà náà ni Damaris rí ìṣẹ́tí ẹ̀wù náà: òwú dúdú, rírán gbàgàdà gbàgàdà bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ òun! Ó kúrò láàárín akọrin, ó wọ omi tòun taṣọ, ó tú òwú náà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ló ń jáde, tó ń léfòó.

"Òkúta mi dà, Gbénró?"

"Àbẹ̀kẹ́…" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Omi ń bà mí lẹ́rù. Ọdún tí omi wọ ilé wa, ọjọ́ méjì ni mo lò lórí òrùlé. Gbogbo ìgbà tí Pásítọ̀ bá ní kí n dúró, mo máa ń lọ dúpẹ́ lẹ́yìn ilé."

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi sunkún!"

"Mo mọ̀. Mo jẹ̀bi. Ojú ń tì mí ni."

Inú bí Damaris, ìfẹ́ sì ń bẹ nínú ìbínú náà. Ó na ọwọ́ sí i.

"Dì mí mú. Tó o bá rì, a jọ máa rì ni."

Bàbá tẹ̀ ẹ́ wọ omi. Ariwo ayé dákẹ́. Ọwọ́ Gbénró di ti Damaris mú nísàlẹ̀, ó dì í mú bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìka ìyá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ó jáde, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, orin sì bú sókè.

"Oṣù tó ń bọ̀ la máa so wọ́n pọ̀!" Ìyá Damaris pariwo.

Gbénró nu ojú. Ó rí i pé gbogbo ìjọ ń wo òun. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń dán yín wò ni? Mo rí ọ̀nì mi nísàlẹ̀ yẹn, ó ní kí n kí gbogbo yín o!"

Ìyá Damaris gbé fóòmù kan sókè. "Ṣé ọ̀nì ló rán eléyìí?"

"Olólùfẹ́ mi," Damaris wí, ó ń rẹ́rìn-ín nínú omije, "ó dáa. Padà wọ omi, kó o bá wa kí i."

Gbénró wo omi. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó fò jáde, ó gba àárín àga, ó gba géètì, ó di ọ̀nà Mile 12, ẹ̀wù funfun ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fẹ̀ẹ̀, tí àwọn ará Kétu fi rò pé áńgẹ́lì kan ló pẹ́ dé ọ̀run. Damaris bọ́ bàtà, ó gbé e dání, ó ń tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ tútù rẹ̀ lórí ọ̀dà.