Ta Ló Yọjú Wo Ọmọ Mi?

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jẹ́ n bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run rí nítorí pé àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kò tú? Akínfẹ́mi ṣe é. Gbangba ìjọ ló ti ṣe é, ní ìlú Conyers níbí ní Amẹ́ríkà, a sì bá a pàtẹ́wọ́.

Díákónì ni. Kì í mutí, kì í lé obìnrin, kò fi oògùn sápò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òun àti ìyàwó rẹ̀, Olúwafẹ́misí, jáde síwájú, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ yin Olúwa! Kí n tó dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ wọ́dà ni mo ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́wọ̀n kan kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀tá fẹ́ fi bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ̀yin ará, ìwé dé lánàá! Wọ́n ti parí ìwádìí, wọn ò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ mi!"

Halelúyà gba gbogbo ilé. Ẹnì kan tilẹ̀ dá orin. Èmi náà jó, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ara mi ń bù mí jẹ bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìde. Déolú ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé. Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń pín ìrẹsì, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Akin, o mà jó o. Kí lorúkọ òkú náà?"

"Òkú wo?"

"Èyí tó o jó lé lórí."

"Ẹnu ẹ yìí, Déolú! Seth ló ń jẹ́. Olè ni, ẹ̀wọ̀n ló wà."

"Olè kan wà lórí igi tó bá Jésù wọ Párádísè lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ díákónì ńkọ́? Tó o bá kú lónìí, ibo lò ń lọ?"

Akínfẹ́mi pòṣé. "Máa lọ wa ọkọ̀ ẹ, jàre."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe padà sọ ọ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ń rùn. Eku ń rìn gbéregbère níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Igba ọkùnrin, wọ́dà mẹ́ta. Odindi ọjọ́ ni wọ́n fi ń tì wọ́n mọ́lé, ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba á wá, wọ́n á kọ̀wé pé ibẹ̀ ò dáa. Àwọn ọ̀gá á fèsì pé àwọn ti kọ́gbọ́n. Bó bá di ọdún kejì, eku á ti bímọ, àwọn ọ̀gá á tún ní àwọn ti kọ́gbọ́n. Baba mi sin ẹlẹ́dẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kó ẹ̀gbin kúrò lábẹ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ọ̀gá.

Seth ní àìsàn kan tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa. Òfin ní kí wọ́dà máa yọjú wò ó lójú ihò ilẹ̀kùn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, kó sì máa fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀sẹ̀ tí Akínfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ lọ́nà ẹ̀bùrú: "Fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ láàárọ̀, kó o lè rímú mí." Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Seth tẹ aago tí wọ́n fi ń pe wọ́dà. Bọ́ọ̀lù ni Akínfẹ́mi ń wò lórí fóònù. Ó rìn débẹ̀, ó pa aago náà láti ìta, ó padà síjòókòó. Seth tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún lọ pa á. Kò dún lẹ́ẹ̀kẹta. Akínfẹ́mi ní, "Ọpẹ́ o, ọkùnrin yìí ti jẹ́ n sinmi."

Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, Seth ti tutù. Ìwé sì wà lára ilẹ̀kùn tó ní wọ́n yọjú wò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn, pé ó ń sùn dáadáa.

Ní ìjókòó ìwádìí, ìyá Seth fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n: "Ta ló yọjú wo ọmọ mi?" Ọ̀gá wo lọ́yà. Lọ́yà wo ìwé. Akínfẹ́mi wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n ní ètò iṣẹ́ ló wọ́, kì í ṣe ẹnì kan. Àwo omi kan ṣoṣo ni Pílátù fi fọwọ́. Àwọn wọ̀nyí, ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ibi yẹn, wọ́n ti fún un ní ipò tó ga sí i. Ìríra gbáà! Ìwé ìdáláre wọn yẹn sì ni Akínfẹ́mi gbé wá sójú pẹpẹ, tí a ń kọrin sí.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ọpẹ́ náà tí ìyá Akínfẹ́mi ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan lápá Fayetteville. Lọ́jọ́bọ̀ kan, Akínfẹ́mi gbé ọbẹ̀ lọ bá a ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ó bá a nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga, nínú ìtọ̀ ara rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi.

Ìwé wà lára ògiri. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fọwọ́ sí: Ó wà dáadáa. Gègé kan náà, ọwọ́ kan náà. Aago mẹ́fà tí kò tíì lù, wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Akínfẹ́mi mọ iṣẹ́ yẹn. Ó pariwo pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Obìnrin alábòójútó sáré wọlé. "Sorry, sir. A máa kọ́gbọ́n nínú ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo tẹ aago, Akínfẹ́mi. Mo gbọ́ bàtà. Bàtà náà wá, ó pa aago, ó lọ. Ìwọ tó o ṣe wọ́dà, irú ọkàn wo lèèyàn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n ti gbé ìyá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, Akínfẹ́mi jáde síbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ó pe Déolú. Déolú dé.

"Déolú, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Bàtà yẹn. Èmi ni." Ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Déolú kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Wọn ò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹ, àbí? Jésù rí i. Ó ní Òun wà ní túbú, àwọn kan ò wá wo Òun. Ìwọ dé ẹnu ọ̀nà Rẹ̀, Akin, o pa aago Rẹ̀."

"Ṣé àánú ṣì kù fún irú mi?"

"Ó kù. Fún irú ẹ ló ṣe kú. Ṣùgbọ́n o ò lè mú ìwé irọ́ yẹn lọ́wọ́ kó o tún di Jésù mú."

Àárín mọ́tò méjì ni wọ́n kúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni díákónì ti di àtúnbí.

Ó kọ̀wé sí ìyá Seth, ó kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà. Olúwafẹ́misí fọwọ́ lérí. "Ẹ ò ro tàwọn ọmọ! Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ ńkọ́?"

"Mo mọ ibẹ̀. Eku ibẹ̀ mọ̀ mí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó tún jáde síwájú. Ó sọ ohun tó ṣe. Pásítọ̀ ní ká kọrin, ó ní rárá. "Ẹ̀yin ará, halelúyà tẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́sí, mo wá dá a padà." Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Èmi náà gba tèmi padà, mo sì sunkún.

Ilé ẹjọ́ kò tíì fèsì. Ìyá Seth ti fèsì. Kò bú u. Ó kàn béèrè pé, kí ni Seth ń sọ nígbà tó tẹ aago? Akínfẹ́mi kò mọ̀. Kò dúró gbọ́.

Ìwọ tó ń kà á, bóyá o ò ṣe wọ́dà rí. Aago ta ni ìwọ pa? Ìwé wo ni ènìyàn fi dá ọ láre, tí o ń gbé kiri bíi pé Ọlọ́run ló fọwọ́ sí i? Òun kì í fọwọ́ sí ohun tí kò wò. Ó ti yọjú wò ọ́, Ó rí ọ, síbẹ̀ Ó rán Ọmọ Rẹ̀ wá kú fún ọ.

Jésù ń tẹ aago ọkàn rẹ. Ó ti tẹ̀ ẹ́ rí, o pa á. Ó tún ń tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé yìí. Mo bẹ̀ ọ́, má dìde lọ pa á. Seth kò tẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ṣílẹ̀kùn lónìí.