Aṣọ Ìléwọ́ Tí Wọ́n Fi Wé Yìnyín

"Aṣọ tí mo fi wé yìnyín yẹn dà?"

Nọ́ọ̀sì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá Onífíríìjì kọjú sí fèrèsé. Onífíríìjì fúnra rẹ̀, ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ já bọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, na ẹsẹ̀ sórí àga gígùn, ó há ọmọláńgidi rẹ̀ mọ́ abíyá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Nọ́ọ̀sì ti rán orúnkún rẹ̀ níjẹta, ara ọmọ náà ti pọ́n, ó sì wú bí ibi tí omi gbígbóná dà sí.

Fíríìjì ló mú wọn pàdé lọ́dún tó kọjá. Èyí tí wọ́n ń kó oògùn sí nílé ìwòsàn dákẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe Onífíríìjì. Bó ṣe yọrí lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó rí obìnrin kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó kó oògùn àti yìnyín mọ́ àyà, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ọ̀gá, ẹ ṣe kíá," ló wí, "kí n tó di ẹja inú yìnyín."

Onífíríìjì rẹ́rìn-ín délé. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe Nọ́ọ̀sì ní Ẹja Mi.

Àwọn méjèèjì ti gbà láti fẹ́ra. Ó ku Màámi, ìyá Onífíríìjì, tó ń tọ́ ọmọ náà láti kékeré. Màámi ní òun ń wo obìnrin náà ná. Àfi bí ọmọ ṣe ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì rán orúnkún rẹ̀, ó fi aṣọ ìléwọ́ wé yìnyín kí ara lè tù ú. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kí wọ́n fi gbé e lé e, kí yìnyín má sì kan ara láìsí aṣọ, torí ó máa ń jó ara bí iná.

"Mo ti wò ó tán," Màámi wí báyìí. "Ẹni tó ń fi yìnyín jó ọmọ ò lè di ìyá ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Ó kàn béèrè ẹni tó di yìnyín náà mú. Ohùn Màámi rẹlẹ̀. Ó ní òun ò lè gbọ́ ẹkún ọmọ. Òun gbé yìnyín náà fún ọmọ kó dì í mú fúnra rẹ̀, òun sì sá wọ kíṣìnì.

Nọ́ọ̀sì pa báàgì rẹ̀ dé. Ó ní òun á rán ẹlòmíì wá tú òwú náà.

"Ẹja Mi, má lọ," Onífíríìjì wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí lójú ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ti kan ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ náà sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ ò tíì yẹ tiẹ̀ wò."

Ó gbé ọmọláńgidi náà sókè. Aṣọ ìléwọ́ náà ló wà ní orúnkún rẹ̀, ọmọ náà so ó ní kókó méjì. Ó ní orúnkún ọmọláńgidi òun náà ń dùn ún, àwọn sì pín in: òun mú yìnyín, ọmọláńgidi mú aṣọ.

Alẹ́ méjì ni Màámi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ọmọláńgidi yẹn sórí ìrọ̀rí láìwo orúnkún rẹ̀. Ó wo kókó náà títí. Lẹ́yìn náà ló gba ọmọláńgidi lọ́wọ́ ọmọ, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Gbé báàgì ẹ kalẹ̀, ìyàwó mi," ló wí. "Fi ẹsẹ̀ eléyìí kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di yìnyín mú."