Ọjọ́ Tí Àkànbí Pọn Gildas

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi. Ìtàn ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìjà pọ̀ nínú rẹ̀!

Gildas ń kan àga ní àdúgbò Hédzranawoé. Lọ́jọ́ tí Bàrákátù, ọmọ àbúrò mi, lọ ra àga, ìṣó ti gún Gildas wọnú àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà, òun ń rẹ́rìn-ín sí ọmọge.

"Bọ̀dá, ọwọ́ yín!"

"Ọwọ́ wo?"

Kò mọ̀ ọ́n lára! Bàrákátù fi gèlè dì í, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ojú ọ̀nà ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ó ní kó lo oògùn fún ọdún kan. Oògùn mú ojú Gildas dúdú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ló ṣókùnkùn jù. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó fi òòlù fọ́ dígí. Ó ní òun máa bẹ́ sókun. Bàrákátù a máa kọrin fún un:

Olólùfẹ́ mi, gbé e mì,
Ara á yá, ọkàn á yá,
Èmi ni n ó jókòó tì ọ́.

Àkànbí, ẹ̀gbọ́n Bàrákátù, gbọ́. Ó gbé igi, ó ya wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Adẹ́tẹ̀ ni yóò fẹ́ àbúrò mi?"

Ó fọ́ àga mẹ́ta. Igi ló fi ń na Gildas, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn án. Bàrákátù sáré dé, ó gé Àkànbí jẹ lápá!

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lù mí pa," Gildas ní. "Ayé ti sú mi."

Ó wọ́ ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tọ̀. Pupa fòò!

"Yéè! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!" Àkànbí ju igi nù, ó gbé Gildas pọ̀n. Kò dúró de ọ̀kadà zémìjàn kankan, ó sáré dé ilé ìwòsàn, òógùn wọn ti dà pọ̀.

Madeleine, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní fún Àkànbí: "Oògùn tó lò láàárọ̀ yìí ló sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa. Òun náà ni ò ní jẹ́ kí àrùn rẹ̀ ràn ẹ́." Ó yíjú sí Gildas. "Ìwọ, ṣé o ń sùn?"

Gildas bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti òkun.

"Èyí náà ní ìtọ́jú," Madeleine ní. "Máa wá lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn yìí jọ máa sọ tinú yín."

Àkànbí kúnlẹ̀. "Jọ̀ọ́, má kú. Ta ló máa fẹ́ àbúrò mi tó ń géni jẹ bí ajá yìí?"

Gildas rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó parí oògùn, oorun padà. A ṣe ìgbéyàwó ní àdúgbò Cacaveli, mo kọrin títí ohùn mi fi há. Àkànbí àti ọkọ ìyàwó jọ jẹ ẹja nínú abọ́ kan, wọ́n ń jà sí orí ẹja. Olúkúlùkù yó, a bá gbalé lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.