Iná Tí Craddock Fura Sí

Lemuel Craddock kì í jókòó jẹun kó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Bí ajá bá gbó, á gbé ṣíbí sílẹ̀, á gbé ìbọn. Bí ajá kò bá gbó, ìyẹn tún burú jù, nítorí á máa rò pé wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ.

Má tíì fi í rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí. Bí gbogbo wa ṣe rí ní Kansas lọ́dún 1856 nìyẹn. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Delaware àti Shawnee, wọ́n sì ní kí àwa tí a bá tẹ̀ dó síbẹ̀ dìbò bóyá ilẹ̀ ẹrú ni yóò jẹ́ tàbí ilẹ̀ òmìnira. Ni ará Gúúsù tó ń lo ẹrú bá ń sáré bọ̀, ni ará Àríwá tí kò fẹ́ òwò ẹrú náà ń sáré bọ̀, kálukú pẹ̀lú ìbọn. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa pàápàá ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Èmi tí mò ń kọ èyí, tí mò ń gun ẹṣin wàásù kiri lẹ́bàá Odò Ìkookò nígbà náà, mo máa ń yọjú lójú fèrèsé kí n tó kúnlẹ̀ àdúrà.

Orí òkè onígbó ní Tennessee, ní Gúúsù, ni Craddock ti wá. Ẹrú méjì ló ní: Isom àti Viney, ìyàwó Isom. Ó fẹ́ ilẹ̀ Kansas, ṣùgbọ́n kò ní kẹ̀kẹ́ ẹrù, kò sì ní màlúù tí yóò fà á. Nígbà tó dé ìlú kan létí odò Missouri, ó ta Viney fún oníṣòwò kan tó ń kó èèyàn jọ láti kó wọn lọ sí oko òwú ní Texas. Owó Viney ló fi ra màlúù mẹ́rin àti kẹ̀kẹ́. Isom ló sì da màlúù náà wọ Kansas.

Òdìkejì Odò Ìkookò sí ilẹ̀ Craddock ni Enoch Tillson ń gbé, àgbẹ̀ ará Illinois ní Àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí koríko sì gba gbogbo rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ní oṣù karùn-ún, ó kọjá odò wá.

"Arákùnrin Craddock, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí lo wá wò?"

"Ẹ̀yin ni mo wá wò. Isom sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ fún mi."

"Ẹ̀hẹ́n! Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn."

"Iwájú yín náà ni mo wá sọ ọ́ yìí. Oníṣòwò yẹn ṣì wà létí odò Missouri, ìrìn ọjọ́ méjì péré. Kò ní í gbéra títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹ ta màlúù yẹn, kẹ́ ẹ lọ gba obìnrin náà padà, kẹ́ ẹ tú tọkọtìyàwó sílẹ̀. Jésù kú fún wọn bó ṣe kú fún yín. Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ dá, arákùnrin mi. Ẹ ronú pìwà dà."

Craddock tutọ́ sílẹ̀. "Àlùfáà wa ní Tennessee ò wàásù bẹ́ẹ̀ rí. Àbí Jésù ti ẹ̀yin ará Àríwá yàtọ̀ ni? Ó dáa, jẹ́ kí n kórè àgbàdo mi ná. Lẹ́yìn ìkórè, màá rò ó."

Kí Tillson lè kúrò níwájú rẹ̀ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni Isom máa ń bi í pé, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì gbúròó Viney?" Lójú Craddock, ọgbọ́n àtisá lọ ló wà nídìí ìbéèrè náà.

Oṣù kẹsàn-án kọjá, oníṣòwò náà sì ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Texas. Òtútù pa koríko, ó gbẹ. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, a máa ń fi ohun ìtúlẹ̀ fa ilà méjì yí ilé ká, a ó sì sun koríko àárín ilà méjèèjì, kí iná ńlá má bàa rí nǹkan jẹ nígbà tó bá dé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí afẹ́fẹ́ tó dára lè bẹ̀rẹ̀ ti aládùúgbò rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ọmọ inú igbó ni Craddock ní tirẹ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí.

Bó ṣe ń ti odò bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí Tillson tó ń tiná bọ koríko lẹ́bàá ilé òun. Ó gbé ìbọn sójú.

"O fẹ́ sun ilé mọ́ mi lórí!"

"Ọ̀nà iná ni mò ń ṣe fún yín! Ṣé ẹ ò rí ilà tí mo fà ni?"

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Kúrò níbẹ̀ kí n tó yìnbọn!"

Isom sáré jáde. "Ọ̀gá, òótọ́ ló ń sọ o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Ta ló kọ́ ẹ? Ẹ̀yin méjèèjì ti jọ gbìmọ̀! Ó fẹ́ kí èéfín bò mí lójú kí ìwọ lè sá lọ."

Ó ní kí Isom fi àpò tútù pa iná náà, Isom sì pa á. Láti ọjọ́ náà, bí Craddock bá fẹ́ jáde, á fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ Isom mọ́ òpó nínú abà àgbàdo, á ti ilẹ̀kùn, á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí òòrùn ṣe kan àtàrí, Craddock ń gé igi létí odò nígbà tó rí èéfín láti gúúsù. Iná koríko ni, ó ń bọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Orúkọ kan péré ló wá sí i lẹ́nu: "Tillson!" Ó gbé ìbọn, ó sáré lọ sí ilé Tillson.

Ọ̀rẹ́, ṣé o rí ibi tó sáré lọ? Èèyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lábà rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ẹni tó kórìíra ló ń wá lọ.

Kò bá ẹnì kankan. Ilẹ̀ tí wọ́n ti sun yí ilé Tillson ká, ó dúdú, kò séwu níbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Iná ti ga ju òrùlé tirẹ̀ lọ. Nínú èéfín ló ti rí àwọn ọkùnrin méjì tí ń sáré bọ̀ níhà odò, ọ̀kan mú àáké lọ́wọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé ẹsẹ̀ èkejì. Ohun tó rò, mo fi í bú u títí dòní: wọ́n ń jí ẹrú mi gbé. Ó na ìbọn sí àyà Tillson.

Ìgbà náà ni abà wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó sì dún gbàà. Craddock gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìró yẹn ló là á lójú: bí kì í bá ṣe ọkùnrin aláàké yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni Isom ì bá wà. Ìka rẹ̀ kò lè tẹ ìbọn mọ́.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Tillson ti bó. Isom wo ẹnu ìbọn, ó sì wo ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ yìnbọn náà ni? Ẹ yìn ín. Kọ́kọ́rọ́ mi ṣì wà lápò yín."

Ìbọn bọ́. Craddock wó lulẹ̀ sínú eérú, ó ń sunkún kíkankíkan. "Olúwa, ṣàánú mi! Látọjọ́ yìí ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀tá lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni. Èmi gan-an ni. Gbà mí, Jésù!"

Tillson kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó fún yín, arákùnrin mi. Ṣùgbọ́n èéfín náà máa ń jẹ́ kí èèyàn sunkún. Ẹ jẹ́ ká rí èso rẹ̀."

Isom kò kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti gbàdúrà tán?" ló wí. "Viney ńkọ́?"

Craddock fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ìwé òmìnira níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Isom gbé ìwé náà tọ̀ mí wá. "Ẹ kà á fún mi. Ẹ má fi nǹkan kún un o." Mo kà á. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó kà á, bóyá ọ̀rọ̀ wa á dọ́gba. N kò dá a lẹ́bi. Èmi náà rò pé ẹ̀rù iná ló ba Craddock, pé bó bá kọ́ ilé tuntun á padà sí ìwà rẹ̀.

Kò kọ́ ilé. Ó ta ilẹ̀ àti màlúù, ó gun ẹṣin, ó kọrí sí Texas. Isom kò lè bá a lọ, nítorí ìwé tàbí kò síwèé, wọn á tún mú un lẹ́rú níbẹ̀. Iowa, ní Àríwá níbi tí kò sí ẹrú, ló ti dúró dè é. Oṣù mẹ́sàn-án ni Craddock fi wọ oko òwú kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ará Gúúsù tirẹ̀ fura pé amí ni, wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá oníṣòwò náà. Ọkùnrin yẹn họ orí. "Viney wo nínú wọn? Mo ta Viney mẹ́ta lọ́dún yẹn."

Mo wà lọ́dọ̀ Isom nígbà tí Craddock padà dé. Isom kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀ ló ń wò, bóyá ẹnì kan á tún yọ lójú ọ̀nà.

"N kò rí i," ni Craddock wí.

Isom wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọlọ́run ti dárí ji Lemuel Craddock. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, èmi tí n kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí a bá jọ gbàdúrà, ohun kan náà ló máa ń sọ fún mi: "Ní oṣù karùn-ún, ìrìn ọjọ́ méjì ni."

Ìwọ ńkọ́? Mo fura sí ọ. O ń sọ lọ́kàn rẹ pé ìwọ kò ta èèyàn rí, pé ti Craddock ni ìwé yìí. Ta ni ó ń sunkún nítorí ohun tí o ṣe? Kí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ tí kì í ṣe tìrẹ? Jésù ń pè ọ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí o ṣẹ̀ kò ní í dúró síbi tó wà títí láé. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, jẹ́wọ́ fún Olúwa. Bí o bá dìde, wọ bàtà rẹ, kí o sì lọ bá a nígbà tí o ṣì mọ ibi tí ó wà.