Iná Tí Nọ́fíù So Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Ọmọlará

Iná kẹ̀kẹ́ tó bá ń lo dáínámò, ẹsẹ̀ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló ń jẹ. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí, iná á máa tàn. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná á kú. Kò sí awo níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara Adéyanjú kò fi lélẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó sọ̀ kalẹ̀, tó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, tó wọlé lọ bọ́ bàtà, tí iná iwájú kẹ̀kẹ́ náà sì ń tàn síbẹ̀.

Ó fọwọ́ kan táyà, táyà kò yí. Ó fọwọ́ kan orí iná, ó tutù. Ó pẹ́ díẹ̀ kí iná náà tó rọra wọlé sínú ara rẹ̀. Nígbà tó sọ fún Ọmọlará, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní bí ohun tí a rà ní ọ̀pọ̀ bá ń ṣe ju iṣẹ́ tí a rán an lọ, ọpẹ́ ló yẹ ká dá, kì í ṣe ká máa tú u wò.

Ọdún 1969 ni. Ogun ti kúrò láàárín ìgboro Pọ́tákọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà. Aṣọ́bodè ni Adéyanjú, Èkó ni ìjọba ti gbé e wá sí etí omi níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Ọmọlará. Díobù ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n Rumuokwurushi, lójú ọ̀nà Aba, ni Ọmọlará ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n ń ti inú igbó jáde, àwọn tí ebi ti wú níkùn tí irun wọn ti pọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ bá fi parí, ilẹ̀ á ti ṣú. Ní agbedeméjì ọ̀nà, àwọn ṣójà ti gbé igi dábùú títì. Bí kónílé-gbélé kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ tí kò níná wọ ibẹ̀, wọn kì í bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń jẹ Adéyanjú lọ́kàn nìyẹn lójoojúmọ́: kí ìyàwó rẹ̀ kọjá níbi igi yẹn láàyè.

Ó ti wá iná títí. Ní ọjà Máìlì Wan, iná ti bátìrì ló wù ú jù, nítorí kẹ̀kẹ́ dúró o, kẹ̀kẹ́ rìn o, ó ń tàn ni. Ṣùgbọ́n bátìrì ti wọ́n bí ojú, èyí tí èèyàn bá sì rí rà, ọ̀rinrin ibẹ̀ á ti jẹ ẹ́ nídìí. Ti káábáìdì tí àwọn ọdẹ ń lò wà níbẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ òjò Pọ́tákọ́ọ̀tù kò bá iná eléfín ṣọ̀rẹ́. Wọ́n mú iná kan fún un tó dára, tó mọ́ tónítóní. Nígbà tó yí i padà, ó rí i pé ẹni kan ti fi ìṣó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára, Augustine. Kò béèrè ibi tí Augustine wà. Ẹrù àwọn tó sá lọ ló kún ọjà nígbà náà, ojú kò sì ti àwọn tó ń rà á. Ó dá iná náà padà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Nọ́fíù atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tó pàgọ́ sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ọjà. Nọ́fíù la ọ̀rọ̀ fún un. Ó ní ti dáínámò ni kí tálákà rà, nítorí kò ní jẹ bátìrì, kò ní jẹ epo. Àléébù kan ló ní: bí èèyàn bá dúró lójú ṣójà, ibẹ̀ gan-an ni iná á ti kú, ẹni tí wọ́n ń wò á sì di òkùnkùn. Ó ní kí ó fi èyí sílẹ̀ fún òun, òun á bá a tọ́jú rẹ̀. Ó so dáínámò àti iná mọ́ kẹ̀kẹ́ Ọmọlará, ó so gíláàsì pupa mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sókè kí aṣọ má bàa bò ó, ó kun irin ẹ̀yìn ní ẹfun. Owó tó gbà kò tó owó iṣẹ́. Nígbà tí Adéyanjú fẹ́ fi kún un, Nọ́fíù kọ̀.

Ọkùnrin náà kì í jẹun lójú ẹnikẹ́ni. Oòrùn á mú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọjà á máa yọ́ bí òrí, kò ní làágùn. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè wo ìyẹn? Yorùbá kì í pàdé Yorùbá lẹ́yìn odi kó má béèrè ibi tó ti wá, Adéyanjú náà sì béèrè.

“Bọ̀dá Nọ́fíù, ọmọ ibo ni yín gan-an?”

“Ìkirun.” Ó ń fa okùn dáínámò le, kò gbójú sókè. “Àdíját ìyàwó mi a máa bú mi pé kí n ra iná sí kẹ̀kẹ́ tèmi náà. Ọ̀gá mi, ẹ má ránṣẹ́ sílé nítorí tèmi o.”

Adéyanjú ní òun gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, ọkọ tó sá fi ìyàwó sílẹ̀ ni, ẹni tó ti sọnù sí àjò. Ó sọ fún Ọmọlará, Ọmọlará ní kí ó fi ọlọ́ràn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀ràn rẹ̀, ẹni tó ṣe wọ́n lóore ni. Adéyanjú ní oore ni òun náà fẹ́ fi san án, pé àjò kò lè dùn kónílé má relé. Àwọn èèyàn kan wà bẹ́ẹ̀ láyé, bí wọn kò bá tíì báni tún ilé ẹni ṣe títí yóò fi wó, ọwọ́ wọn kì í sinmi.

Tàófíìkì, tó ń wa ọkọ̀ fún àwọn aṣọ́bodè, ará Òṣogbo ni. Nígbà tó gba ìsinmi, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, Adéyanjú rán an níṣẹ́ sí Ìkirun, kó wá obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdíját, ìyàwó Nọ́fíù atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́.

Àdíját bá ọkọ̀ ojú omi dé pẹ̀lú Tàófíìkì. Ìrọ̀lẹ́ ni, Ọmọlará kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu. Ó béèrè ìbéèrè kan péré, bóyá ẹni tí Adéyanjú rí kò ní èékánná ní àtàǹpàkò òsì. Adéyanjú ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló jọ pé ó gé e.

“A ti sin ín,” ni obìnrin náà wí. “Èmi ni mo wẹ ọwọ́ yẹn mọ́ kí wọ́n tó fi aṣọ funfun wé e. Ṣójà ló yìnbọn fún un lọ́nà Ọ̀rẹ̀, lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò níná. Ti gbogbo ayé ló ń tún ṣe, kò ra tirẹ̀.”

Orí Adéyanjú wú. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ àkúdàáyà, ẹni tí ikú pa kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, tó wá lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ohun kan ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i: kí ẹni tó fojú rí òkú rẹ̀ tún fojú kàn án. Adéyanjú mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó lè sọ fún obìnrin yẹn pé kó sùn, kó padà sílé. Ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń yún un láti rí ohun tí wọ́n máa ń sọ nínú ìtàn, ó sì ṣíwájú rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò náà.

Nọ́fíù bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kan. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta mìíràn fara ti igi, iná gbogbo wọn ń tàn, kò sì sí ẹni tó ń yí táyà wọn. Àdíját kò sunkún. Ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó sùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Adéyanjú ló yíjú sí, ohùn rẹ̀ kò sì le.

“Ọ̀gá mi, mo bẹ̀ yín. Ṣé ìyàwó yín ti kúrò ní Rumuokwurushi?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó gba ẹ̀yìn igi kọjá. Kò jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì igi náà. Iná àwọn kẹ̀kẹ́ mẹ́ta yẹn kú lẹ́ẹ̀kan náà. Sípánà tó gbé sílẹ̀ ti dípẹtà, bí èyí tó ti sùn sínú òjò lọ́dún méjì.

Nígbà náà ni ìbéèrè ọkùnrin náà tó wọ Adéyanjú létí. Ó já kẹ̀kẹ́ tó sún mọ́ ọn gbà, ó gùn ún láìníná, ó dorí kọ ọ̀nà Aba. Ó ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ó lè gbọ́. Àwọn tó ń padà láti ọjà sá fún un. Kò tíì rí igi tí wọ́n fi dábùú títì tó fi gbọ́ ìbọn. Ẹyọ kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun mìíràn.

Kọ́púrà tó yìnbọn ti jókòó sílẹ̀ nígbà tó débẹ̀, ó di orí mú. Wọ́n na ìbọn sí Adéyanjú, ó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọmọlará wà nílẹ̀ nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́.

“Oga, I dey see the light,” ni kọ́púrà náà ń sọ, kò dákẹ́. “I dey see am dey come, I don even tell them say na nurse. E just quench. She never stop o, she still dey pedal, e just quench.”

Adéyanjú kò lù ú. Kí ló fẹ́ lù ú fún? Ó mọ ẹni tó pa iná yẹn.

Àdíját padà sí Ìkirun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá kí Adéyanjú kú ọ̀fọ̀, wọ́n ní ogun ló fà á, ó sì ń dá wọn lóhùn pé ogun ni. Irọ́ yẹn korò lẹ́nu rẹ̀ ju ewúro lọ. Ó gbé ẹrù Ọmọlará fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ó dẹ́kun bíbi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá.

Ogun parí. Lọ́dún 1970, wọ́n rán Tàófíìkì lọ sí òkè ọya pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tó dé, kò lọ sílé rẹ̀ kó tó wá sí ọ̀dọ̀ Adéyanjú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìyàwó yín ní Jọs.”



Tàófíìkì ní iba ló mú òun lójú ọ̀nà, òun yà sí ilé ìtọ́jú kékeré kan, nọ́ọ̀sì tó fún òun lábẹ́rẹ́ sì ni Ọmọlará. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó rọra gún òun. Tàófíìkì ní òun kò rí òkú rẹ̀ ní ti òun, òun kò sì mọ ohun tí òun lè pè é, ìdí nìyí tí òun kò fi la ẹnu. Nígbà tí òun fẹ́ máa lọ ni Ọmọlará sọ pé kí òun má ránṣẹ́ sílé nítorí tirẹ̀.

“Ṣé ara rẹ̀ le?” Adéyanjú béèrè.

“Ó le. Ó tiẹ̀ sanra díẹ̀. Ó ń bá àwọn ọmọ kan ṣeré nígbà tí mo wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.”

Adéyanjú fi ọwọ́ bo ojú, ó sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Nígbà tó dákẹ́, ó di ọwọ́ Tàófíìkì mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba ibẹ̀ mọ́, kó má sì sọ fún ìyá Ọmọlará, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún ẹnikẹ́ni. Tàófíìkì bi Adéyanjú bóyá ìyẹn fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ lọ wò ó, kó tilẹ̀ dúró lókèèrè.

“Mo fẹ́,” ni Adéyanjú wí. “Kò sí alẹ́ tí mi ò fẹ́ ẹ.”

Kí ọdún tó parí, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ fẹ́ gbé e lọ sí Jọs, wọ́n á sì fi kún ipò rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Wọ́n bi í nídìí rẹ̀ títí, ó ní òtútù ibẹ̀ kò bá òun lára mu.