Ọjọ́ Méje Tí Odó Ò Dún

Ẹ̀rọ ìṣirò ìlú Ìrágbẹ̀ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní ó bàjẹ́ ni, ì bá sàn. Èsì ló gbé jáde wẹ́rẹ́, èsì náà kò sì tọ̀nà.

Inú yìnyín ni ẹ̀rọ náà ń gbé, nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ̀jìkan ló sì fi ń ronú: ẹyọ tíntìntín tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó tún jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ̀jìkan a máa gbàgbé. Bí ilẹ̀ bá mì díẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ti fò lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán ìgúnjí sí i, ìtapá kékeré tó ń pè é padà kó tó gbàgbé. Ìbídùnní ló ń ṣètò ìgúnjí. Ọjọ́ méje ló fi wọn bí ilẹ̀ ìlú ṣe ń mì, ó fi ṣe àfarawé ẹ̀rọ náà, àfarawé sì sọ pé ẹ̀jìkan á rántí títí èèyàn á fi ka ogún. Ìbídùnní sì fi ìgúnjí sí ogún.

Olóyè Sàbà, alákòóso ọgbà ẹ̀rọ, pè é. "Ọjọ́ méje wo lo wọ̀n, ọmọ mi?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ọba wàjà ni, Bàbá."

"Ọ̀sẹ̀ tí odó kankan ò gbọ́dọ̀ dún? Ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀ lo wọ̀n yẹn. Tún un wọ̀n."

"Bàbá, odó ò lè dún dé inú yìnyín. Ọkọ̀ ọmọ mi ò sì ní dúró dè wá."

Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú yòókù nínú ọkọ̀ tó ń ti òṣùpá bọ̀. Ẹ̀rọ yìí ló máa sọ ibi tí wọn yóò gbà wọlé sínú afẹ́fẹ́ ayé. Àgbà náà mi orí. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́.

Ọ̀sán Sátidé lọkọ̀ dé etí afẹ́fẹ́ ayé. Èsì jáde, wọ́n fi ránṣẹ́, ọkọ̀ tẹ̀lé e. Iná kan là lójú ọ̀run, ó sì tán síbẹ̀.

Ìbídùnní ò sunkún. Ó gbé ìró ilẹ̀ ọ̀sán yẹn sínú àfarawé. Gbì, gbì, gbì, láti gbogbo àdúgbò. Nígbà tí kíkà dé èjìlá ni ẹ̀jìkan ti gbàgbé. Ìgúnjí ṣì ń retí ogún.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé nídìí odó, òógùn bò ó. Ìròyìn ò tíì dé etí rẹ̀. Gbogbo obìnrin ìlú ló gúnyán lọ́sàn-án yẹn láti fi pàdé àwọn ọmọ.

"Dùnní, Mọrẹ́nikẹ́ mi dà? Iyán rẹ̀ ti ń tutù o."

Ìbídùnní jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Ó mọ̀ pé òun á sọ pé ọmọ ti kú. Ohun tí odó ṣe ni òun ò ní sọ títí ayé.

"Màmá, mi ò wọn ilẹ̀ dáadáa," ló wí, ó sì gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.